Páànù, Táìlì Sìmẹ́ǹtì àti Imọ̀ Ọ̀pẹ: Èwo ni Kí Olówó Kékeré Fi Bo Ilé ní Èkó?

Ẹni tí ó bá fẹ́ kan òrùlé ní Baríga tàbí Mushin sábà máa ń béèrè iye owó páànù kí ó tó béèrè irú igi tí yóò gbé e, bẹ́ẹ̀ sì ni igi, ìṣó, àjà àti owó iṣẹ́ káfíńtà wà lára owó òrùlé. Odidi òrùlé ni mo fẹ́ fi wéra níbí.

Páànù onírin fúyẹ́. Èyí tí ó nípọn tó mílímítà 0.2 kò ju kílò 1.6 lọ ní mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà igi tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé e. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Èkó kì í pẹ́ mú un dípẹtà, láti ojú ìṣó àti etí ibi tí a ti gé e. Bí kò bá sí àjà lábẹ́ rẹ̀, yàrá á gbóná bí ààrò lọ́sàn-án. Bí òjò oṣù kẹfà bá sì dé, ẹni méjì tí ó jókòó sórí ibùsùn kan kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ti alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ni ó ga. Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà: bí ó bá lẹ̀ mọ́ páànù náà, irin ni.

Táìlì tí a fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ṣe ni èmi yàn láàyò fún ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ líle. Ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́ta ni, nínípọn mílímítà 8 sí 10, a sì lè ṣe é ládùúgbò. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n máa ń fi fọ́nrán èèpo àgbọn, irú èyí tí ó pọ̀ ní Àgbádárìgì, sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹrà nínú sìmẹ́ǹtì, ni ọ̀pọ̀ fi fi òkúta wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ìwúwo ni àléébù rẹ̀: òrùlé tí ó tó mítà onígun mẹ́rin 40 yóò ru ju kílò 800 lọ, nígbà tí páànù kò ní ru ju 70. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka kan táìlì náà. Kí ó dún gan-an bí àwo tí kò sán. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sí ikùn rẹ̀ di ọjọ́ kejì: bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá tutù, kò burú, ṣùgbọ́n bí omi bá ń kán, ẹ dá a padà.

Òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ máa ń mú kí inú ilé tutù, kì í pariwo, ó sì pọ́ọ́kú, àmọ́ ibi tí ògiri ti fara kan ògiri, iná kan ṣoṣo á gba gbogbo ojúlé. Ibòji iwájú ilé ni kí ẹ fi í ṣe. Ọparun ní tirẹ̀ lè ṣe igi òrùlé páànù, bí ó bá ti gbó tó ọdún mẹ́ta tí a sì fi oògùn kòkòrò sí i.

Ní Makoko, níbi tí ilé ti dúró lórí òpó igi nínú ọ̀sà, ẹ má gbé táìlì rárá, páànù ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta àlòkù asbestos, ìyẹn pátákó òrùlé àtijọ́, fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ má rà á, nítorí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nígbà tí a bá ń gé e tàbí tí ó bá fọ́.