Ọkà wo ni kí ẹ rà lápò fún ọtí tí ẹ fẹ́ pọn nílé? Ìfiwéra ọkà bàbà, àgbàdo, jéró àti báálì

Ẹni tó fẹ́ ra ọkà fún tùwó tàbí fún ògì kò ní wàhálà púpọ̀. Bí ọkà bá ti mọ́, tó gbẹ, tí kòkòrò ò tíì jẹ ẹ́, ó parí. Ẹni tó fẹ́ fi pọn ọtí kò lè rà á bẹ́ẹ̀. Ọkà tí yóò di ọtí gbọ́dọ̀ wà láàyè lọ́jọ́ tí ẹ rà á, nítorí ẹ óò mú un hù kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ìgbà tó bá ń hù ni ohun tó ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di adùn máa ń jí, adùn yẹn ni ìwúkàrà yóò sì jẹ tí yóò fi di ọtí. Ọkà tó ti kú sínú àpò lè máa dán, owó rẹ̀ lè pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n kò lè dá ọtí ṣe. Àfi kí ẹ fi kún èyí tó hù.

Torí náà, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye owó. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kórè rẹ̀, ibi tí wọ́n kó o sí láti ìgbà náà, àti ohun tí wọ́n fi lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta yìí ni mo fi ń ṣe ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ọkà bàbà tàbí àgbàdo?

Bó bá jẹ́ àpò kan ṣoṣo ni owó yín ká, ọkà bàbà ni kí ẹ rà.

Mo mọ̀ pé àgbàdo la fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, mo sì mọ̀ pé kò sí ọjà tí ẹ ò ti lè rí i, láti Ṣakí títí dé Ẹ̀pẹ́. Àmọ́ ẹ wo àsìkò tó ń dé. Oṣù Keje sí Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń ká àgbàdo àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa. Òjò ṣì ń rọ̀, àgbẹ̀ ò rí oòrùn tó tó fi sá a. Owó rẹ̀ á wálẹ̀, àwọn èèyàn á rọ́ lọ rà á. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín irú àpò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè bá a kó máa móoru. Ọkà tó bá ń móoru nínú àpò ti fẹ́ bu nìyẹn. Irú bíbu kan sì wà lára àgbàdo tó ń mú májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin wá, ẹ̀dọ̀ ló máa ń bà jẹ́. Sísè kì í pa á. Ẹ ò lè pọn ọn kúrò nínú ọtí.

Ti ọkà bàbà yàtọ̀. Ní òkè Ọya tó ti ń wá jù, Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejìlá ni wọ́n ń kórè rẹ̀, òjò ti lọ, orí pòròpórò gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Nígbà tí yóò bá fi ti ọjà Dawanau ní Kánò dé Bódìjà n'Íbàdàn ní oṣù kìíní ọdún, ọyẹ́ ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú omi ara rẹ̀. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: àwọn irú ọkà bàbà kan máa ń sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìkórè, wọn ò ní hù dáadáa bí ẹ tilẹ̀ rẹ wọ́n sómi. Wọn ò kú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ tún dán wọn wò.

Bó bá jẹ́ àgbàdo náà lọkàn yín ṣì fẹ́, ẹ dúró de èyí tí wọ́n ń ká ní Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejìlá. Ẹ wo hóró rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbo àgbàdo máa ń fọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, hóró tó bá sì ti fọ́ kò ní hù. Rírà ni yóò máa rà nínú omi, yóò sì kó bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí kòkòrò bá ti dá lu náà ń kọ́? Kòkòrò lè ti jẹ ojú ibi tí èéhù ti ń yọ. Ọ̀kan ṣì wà tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ: bí ẹ bá rí àgbàdo tàbí ọkà bàbà tó ní àwọ̀ bíi pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí ewé lára, irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa ni. Oko ló wà fún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ tà fún yín.

Funfun, pupa tàbí kàúrà?

Ọjà ọkà bàbà ní àwọ̀ mẹ́ta tí ẹ óò máa rí jù: funfun, pupa, àti èyí tó ń pọ́n bí ìyeyè tí àwọn Hausa ń pè ní kàúrà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì (báálì tí wọ́n ti mú hù, tí wọ́n sì ti gbẹ) wọ Nàìjíríà ní 1988, àwọn ilé ìpọntí ńláńlá ò rí ọgbọ́n mìíràn dá ju kí wọ́n yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Lára ọkà bàbà tí orúkọ rẹ̀ wá dún láàárín wọn ni SK5912, kàúrà kúkúrú kan tó ti Samaru ní Zaria jáde. Ẹ ò ní rí orúkọ yẹn lára àpò lọ́jà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí kàúrà tó mọ́ tó sì ń hù dáadáa, ẹ rà á láìfòyà.

Pupa ló ń fún burukutu ní àwọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Àmọ́ lára pupa ni ẹ ti máa ń bá èyí tí ẹyẹ ò fẹ́ jẹ lóko, ohun tó sì ń lé ẹyẹ yẹn ló máa ń dí ìyẹ̀fun lọ́wọ́ láti di adùn nígbà tí ẹ bá ń ro ó. Ẹ jẹ hóró bíi mélòó kan lẹ́nu. Bó bá mú ẹnu yín pọ̀ bí obì tútù, ẹ fi í sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ rà á níwọ̀nba láti fi pa funfun láró.

Ọ̀rọ̀ kan kò mọ ti àwọ̀: èéhù ọkà bàbà ní èròjà kan nínú tó lè yọ májèlé cyanide. Bí ẹ bá ti mú un hù fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tẹ́ ẹ sì ti sá a gbẹ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí gbogbo èéhù àti gbòǹgbò yóò fi já kúrò, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ dànù. Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Ẹ má sì dà á fún ewúrẹ́.

Jéró

Jéró ń hù kíákíá, ó sì dára gan-an ní sísọ ìyẹ̀fun di adùn, ju ọkà bàbà lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ ra odidi àpò rẹ̀. Ẹ ra ìwọ̀nba kẹ́ ẹ máa pò ó mọ́ ọkà bàbà. Iyanrìn ni kẹ́ ẹ máa wò nínú rẹ̀, torí hóró rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú àpò.

Báálì, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester tàbí Houston kò ní láti mú ohunkóhun hù. Ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù, tí wọ́n sì ti fi ooru gbẹ, ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ní Bìrìtìkó, àpò rẹ̀ jẹ́ 25 kílò. Bí ẹ bá fẹ́ ọtí tó tó 23 lítà tí agbára rẹ̀ tó bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kílò 5 tó, àpò kan yóò sì pọn ọtí ìgbà márùn-ún fún yín.

Ohun tí ẹ óò yàn níbẹ̀ ni: odindi, àbí èyí tí wọ́n ti fọ́? Èyí tí wọ́n ti fọ́ rọrùn, ẹ ò ní ra ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti ráyè wọ inú rẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀ adùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Odindi lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó gbẹ tó sì tutù. Ẹni tó ń pọn ọtí lóṣooṣù lè ra fífọ́. Ẹni tó ń pọn ọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, odindi ni kó rà, kó wá ẹ̀rọ ìfọ́kà kékeré kan sí i.

Báálì ní èèpo, èèpo yẹn ló ń jẹ́ kí omi adùn rẹ̀ sẹ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkà bàbà ò ní in, ẹ óò nílò asẹ́ tàbí aṣọ. Ìyẹ̀fun báálì yọ́ nígbà tí omi bá gbóná tó bíi 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìwọ̀n ooru kan náà tí ohun tó ń sọ ọ́ di adùn ń fẹ́. Ti ọkà bàbà ń fẹ́ ooru tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó 75, ooru yẹn sì ń pa ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà. Nítorí èyí ni ẹni tó bá ń lo ọkà bàbà fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro omi orí rẹ̀, tí ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀, sọ́tọ̀, kó se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ jinná, kó jẹ́ kó tutù díẹ̀, kó tó da omi orí padà sí i. Iṣẹ́ ni. Mo ń sọ ọ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á lókè òkun lè mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ fún báálì kò ní bá ọkà bàbà mu. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gba gluten, ìyẹn ohun fífà tó wà nínú àlìkámà àti báálì, ọkà bàbà ni kó fara mọ́, nítorí kò sí gluten nínú rẹ̀. Báálì ní in.

Ní ti òfin: láti 1963 ni Bìrìtìkó ti mú ìwé àṣẹ kúrò lórí ọtí tí èèyàn pọn nílé fún ara rẹ̀, títà ni kò gbà. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1978 gba àgbàlagbà kan láàyè láti pọn 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún, 200 fún ilé tí àgbàlagbà bá pé méjì.

Ní Nàìjíríà, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó ra báálì tó ti òkè òkun wá fún ìkòkò ilé. Kàúrà ń bẹ ní Bódìjà.

Bí ẹ ṣe máa dán ọkà wò kẹ́ ẹ tó sanwó

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí ní ẹ̀kúnwọ́ kan látìsàlẹ̀ àpò, kì í ṣe tòkè." Bí wọ́n bá gbà, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń tà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ sì kọjá.

Ẹ ka 100 hóró nínú ẹ̀kúnwọ́ náà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tútù, kẹ́ ẹ fi aṣọ kan náà bò ó, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ka iye tó hù. Bó bá tó 90, ẹ rà á. Bó bá wà láàárín 80 sí 90, ẹ dúnàá-dúrà. Bó bá wá jẹ́ 70 ló hù ńkọ́? Nínú àpò 100 kílò, ọgbọ̀n kílò ti kú, ẹ ò sì ní rí ohun tẹ́ ẹ ó fi ṣà á kúrò. Inú omi kan náà ló máa wà pẹ̀lú èyí tó ń hù, tí yóò máa rà, tí yóò máa rùn. Ẹ̀dínwó tí wọ́n bá fún yín kò lè tó tán an.

Ti omi ara rẹ̀: ẹ wá ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí. Ẹ bu ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan sí i, kẹ́ ẹ da ọkà lé e títí yóò fi dé ìdámẹ́ta ìgò. Ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ọkà náà ti ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí kò bá lẹ̀, ẹ ṣì sá a lọ́jọ́ kan sí i kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́, nítorí 13 tàbí kó dín ni ọkà ń fẹ́ kó tó lè pẹ́ láìbàjẹ́.

Àpò lásán, dúrọ́ọ̀mù tàbí àpò PICS?

Àpò lásán tí wọ́n fi ń kó ìrẹsì dára fún gbígbé lọ sílé. Kò dára fún ìtọ́jú tó ju oṣù méjì-mẹ́ta lọ, kòkòrò á wọ̀ ọ́. Àpò PICS ní ọ̀rá líle méjì nínú, àpò lásán sì wà níta. Bí ẹ bá so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tẹ́ ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀, tẹ́ ẹ sì ṣẹ́ ẹ po kẹ́ ẹ tó dì í, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán, kòkòrò á kú láìlo oògùn kankan, ọkà tó gbẹ á sì wà láàyè. Aláìlera níwájú eku ni o: ẹ gbé e lé orí pákó, jìnnà sí ògiri. Dúrọ́ọ̀mù oníke tó ní ìdérí líle ń dènà eku, àmọ́ ẹ kún un títí dé ẹnu, torí àyè tó bá ṣẹ́ kù lókè, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí èyíkéyìí nínú wọn ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé, nítorí náà àpò PICS 50 kílò méjì sàn fún ilé ju 100 kílò kan lọ.

Ẹ má da dichlorvos, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Sniper, sí ọkà tí ẹnu máa kàn. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títà á nínú ìgò 100 ml àti èyí tó kéré sí i. Oògùn oníhóró tí àwọn oníṣòwò ń jù sí àárín àpò náà, ẹ má gbé e sínú ilé tẹ́ ẹ̀ ń sùn. Gáàsì tó ń yọ lára rẹ̀ ń pa èèyàn.

Àpò àbí kóńgò?

Kóńgò kì í dọ́gba láti ìsọ̀ kan sí òmíràn, àpò tí wọ́n pè ní 100 kílò náà kì í fìgbà gbogbo pé. Ẹ béèrè òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n níwájú yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí ẹ ṣe ń pọn ọtí sí. Ẹni tó ń pọn ọ́n fún ayẹyẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò nílò àpò, torí agbára híhù ọkà ń dínkù nínú ooru wa, yóò sì máa bọ́ sí ọwọ́ òjò. Kí òun àti ẹnì kejì pín àpò kan. Ẹni tó ń pọn ọ́n lóṣooṣù, kó rà á ní oṣù kìíní, kó mú ìdajì rẹ̀ hù kó sì sá a kí ọyẹ́ tó lọ, nígbà tí oòrùn ọjọ́ méjì ń gbẹ ọkà tí ọjọ́ mẹ́rin ò ní gbẹ ní Oṣù Keje. Kó fi máákà kọ oṣù sára àpò tó kó ìdajì yòókù sí, kó tún ka 100 hóró nínú rẹ̀ kó tó rẹ ẹ́.