Ẹ ṣọ́ra fún pátákó pupa àti fóòmù tí wọ́n ní kì í gbaná

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ tí ẹ fẹ́ fi pátákó bo inú ṣẹ́ẹ̀dì páànù yín nítorí ooru, ẹ má tíì sanwó o. Ọ̀gá kan ń ta pátákó pupa tó ń pè ní "marine board" (pátákó tí omi kì í tètè bà jẹ́) àti fóòmù funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní apá Ṣágámù. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó jẹ́ ohun tó pè é.

Àbúrò mi ra pátákó mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó nípọn tó mílímità 12 ló sanwó fún; nígbà tí káfíńtà gé e, 9 ni. Ọ̀gá ní "hàáfù ínṣì" ni gbogbo ọjà ń pè é. Òjò kan ṣoṣo ló yọ́ wọlé lábẹ́ páànù tí pátákó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ewé mọ́ínmọ́ín.

Àwọ̀ pupa yẹn ló ń tanni. Gọ́ọ̀mù tó wà láàárín ìpele ló ń gba pátákó lọ́wọ́ omi, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ tọrọ àjákù kékeré, ẹ sè é fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá ya, iṣẹ́ inú yàrá ló wà fún. Ní ti nínípọn, ẹ má wọn ẹyọ kan o: ẹ to mẹ́wàá léra, kí ẹ wá na tépù sí i. Ó yẹ kó súnmọ́ mílímità 120. Tó bá jẹ́ 90, ẹ yáa máa lọ.

Fóòmù ló bà mí lẹ́rù jù. Irú èyí tí wọ́n ń fi há tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni. Ẹ já díẹ̀, ẹ bọ́ síta, ẹ ṣáná sí i. Èyí tí wọ́n fi oògùn iná sí máa ń sún kì, á sì kú tí ẹ bá gbé ìṣáná kúrò. Ti ọ̀gá yìí ń jó lọ ni, ó ń kán sílẹ̀ tiná-tiná, èéfín rẹ̀ dúdú kirimú. Inú ṣẹ́ẹ̀dì yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sí!

Ọ̀gá náà tún ń ta bébà dídán tí wọ́n fi ń dá ooru padà, ó ní ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù ká fi fóòmù tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí àlàfo afẹ́fẹ́ níwájú ojú tó ń dán, kò lè dá ooru kankan padà.

"Board 8" nìkan ló kọ sí rìsíìtì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pé ọjà kò ní àdápadà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n pè é mu, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló sì ń gba ẹ̀sùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó kọ nínípọn àti irú pátákó síbẹ̀ kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Nígbà tí àbúrò mi padà lọ, ọ̀gá náà ní kó fowó kún un kóun tó pààrọ̀ ẹ̀.