Ìgbáròkó tuntun mi, ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìkòròdú, àti ọ̀rọ̀ sítíkà

"Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

Ohun tí bùrọ̀dá tó wà nídìí fáìlì bi mí nìyẹn, lójú èrò, nígbà tí mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ohun tí wọ́n fi sí mi lára. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ ara mi ni. Ìbínú ọjọ́ yẹn ló ń kọ èyí tí ẹ ń kà yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Fọ̀níkú-fọ̀ládìde ni mo ní, SS. Ẹni tó bá ní in mọ̀ pé kì í ṣe ara ríro nìkan ló ń fà. Ẹ̀jẹ̀ lè má ráyè dé orí egungun itan mọ́, orí egungun yẹn á kú, á sì rún. Tèmi, apá òsì ló rún. Aránṣọ ni mí. Títẹ ẹ̀rọ di ogun, mo ra mọ́tò sí ẹ̀rọ, kò yanjú ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wọ dáńfó ní Gáréèjì, ọwọ́ ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé bí ẹrù.

Dókítà tó fi iṣẹ́ abẹ bá mi pààrọ̀ ìgbáròkó náà, mi ò ní àròyé kankan sí i. Ó fa bírò yọ, ó yàwòrán sórí páálí fáìlì mi. Ó ní nǹkan mẹ́rin ló máa wọlé: ife irin tó máa jókòó sínú egungun ìdí, ike tó máa tẹ́ inú ife yẹn, bọ́ọ̀lù, àti ọ̀pá irin tó máa wọnú egungun itan. Ó sọ ti John Charnley fún mi, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ fi Teflon, irú ike kan tó ń yọ̀, ṣe ife náà. Teflon ń tètè jẹ, ó sì di dandan kí wọ́n tún inú ọ̀pọ̀ èèyàn là. Lọ́dún 1962 ló bọ́ sórí polyethylene, ike tó le dáadáa, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Èyí tòde òní, wọ́n ti fi ìtànṣán mú inú ẹ̀ so kọ́ra kó má baà tètè jẹ. Àwọn kan tún ń fi fítámì E sí i. Mo ní kí ló wá kan jíjẹ. Ó ní ìyẹ̀fun ike tó ń já bọ́ níbẹ̀ ni ìyọnu: ara á gbógun tì í, ogun yẹn á wá máa jẹ egungun, irin á tú nídìí ẹ̀.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún 40, mo sì bi í bó ṣe máa pẹ́ tó. Kò pọ́n ọn lé fún mi. Ó ní ìwádìí kan jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 2019: nínú 100 irú ìgbáròkó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 58 ló ń pé ọdún 25. Ike àtijọ́ ló wà nínú àwọn yẹn o, nítorí ike tuntun ò tíì pé ọdún 25 nígbà náà.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá onífáìlì nìyẹn. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2010, ilé iṣẹ́ DePuy tó ń ṣe ìgbáròkó àtọwọ́dá ní kí wọ́n dá irú kan tí wọ́n ń pè ní ASR padà, èyí tí irin ti ń lọ irin. Ó ti wà lára èèyàn bí 93,000 nígbà náà. Ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn ìgbáròkó tí wọ́n bá pààrọ̀ sí ní Australia wà lára ohun tó kọ́kọ́ tú àṣírí ẹ̀. Sweden ti ń kọ tiwọn láti 1979. Tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ bá tún jáde lọ́la, kí ni màá fi mọ̀ pé tèmi ni wọ́n ń wí? Lórí rìsíìtì tí wọ́n fún mi, "implant" ni wọ́n kọ, owó gọbọi sì tẹ̀lé e, ó parí.

Bùrọ̀dá ní kí n lọ rí akáwó. Akáwó ní ọ̀gá ò sí ńlẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wà ńlẹ̀, ó ní kí n sanwó rípọ́ọ̀tù. Mo san án. Rípọ́ọ̀tù dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n pààrọ̀ ìgbáròkó òsì mi. Ẹ gbà mí o! Mo sanwó kí wọ́n lè sọ ibi tí wọ́n ti gé mi fún mi.

Ohùn mi ti lọ sókè nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kan jáde láti tíátà. "Aránṣọ, kí ló dé?" Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó di apá mi mú. "Dìde jàre, kí mi lórí ìdúró." Mo ro ẹjọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọlé, ó gbé ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ abẹ sí jáde, ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi dì í. Ó fi ìka wá orúkọ mi lọ sísàlẹ̀, ó dúró.

Sítíkà mẹ́rin. Funfun, wọn ò gùn ju ìka lọ, ilà dúdú wẹ́wẹ́ wà lára wọn. REF, ìyẹn nọ́ńbà irú ẹ̀; LOT, ìyẹn nọ́ńbà ọ̀wọ́ tí wọ́n ṣe é mọ́; ọjọ́ tí ó máa kọjá àkókò, ìwọ̀n. Ife, mìlímítà 50. Bọ́ọ̀lù, mìlímítà 32. Igun sítíkà ike ti ń ṣí, màmá yìí fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ padà. Èmi tí mo ń fi téèpù wọn ìbàdí oníbàdí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo wá mọ ìwọ̀n ti inú tèmi! Ó ní kí n fi fóònù yà á, ó tún fọwọ́ ara ẹ̀ dà á kọ sẹ́yìn káàdì mi. Kò gba kọ́bọ̀. Gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń dá mi lọ dá mi bọ̀, ògiri kan péré ló wà láàárín tábìlì fáìlì àti ìwé yẹn.

Yòókù ò le. Tíì wọn ò yàtọ̀ sí omi gbígbóná. Jẹnẹrétọ̀ wọn wà lẹ́yìn fèrèsé wọ́ọ̀dù, ẹ mú òwú etí dání. Arákùnrin fisió, ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń rìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mọṣẹ́: ẹsẹ̀ tó dára ni kó kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn, èyí tí wọ́n ṣe ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n má jókòó sórí àpótí ìdáná, kí n má gbé ẹsẹ̀ lérí ara wọn. Mo ń rìn, mo ń sùn mọ́jú. Mo ti padà sídìí ẹ̀rọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é níbikíbi, ẹ ti sọ kí wọ́n tó gbé yín wọ tíátà pé ẹ fẹ́ sítíkà tiyín. Wọ́n máa ń fi ju ẹyọ kan lọ sínú páálí.

Dókítà àti tíátà, 5. Ìdí fáìlì, òdo. Àpapọ̀, ìràwọ̀ 5 nínú 5, ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣírò ẹ̀.