Rewáyà Ìtamága: ó ń fetí sí mọ́tò kó tó dárúkọ owó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Camry pẹ́ńsù láìtì bíi tèmi ní Ìkòròdú, rewáyà kan, oníṣẹ́ iná mọ́tò, wà ní Ìtamága, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ìjẹ̀dẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ibi tó dáa àti ibi tí ò dáa.

Omi tó ń fọ gíláàsì iwájú ni ò tú mọ́, ẹ sì mọ eruku ọ̀nà wa, pàápàá nígbà ọyẹ́, wáípà gbígbẹ á kàn máa ha gíláàsì ni. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e fún níbòmíì ò tiẹ̀ ṣí bònẹ́ẹ̀tì tó fi ní páńpù ti kú, kí n mówó tòkúnbọ̀ wá kóun lọ rà á ní Ládípọ̀. Mo ní ẹ ṣeun, mo wa mọ́tò mi lọ.

Ti Ìtamága ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ àmọ́ kí n má sítáàtì, kí n wá fa ọwọ́ wáípà sọ́dọ̀ ara mi, òun bẹ̀rẹ̀ síwájú mọ́tò, ó ń tẹ́tí. "Àǹtí mi, ẹ tún fà á." Mo fà á, èmi náà gbọ́ ọ, ó ń kùn bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. Ó ní páńpù ò kú, iná ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, omi ló ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ó ní ká ní kò dún ni, fíúsì lòun á kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà òun á ti tẹ́sítà bọ ẹnu wáyà páńpù, tí tẹ́sítà bá tàn tí páńpù sì dákẹ́, ìgbà yẹn la ó tó sọ̀rọ̀ owó páńpù. Ó bá ń tọ hóòsì lọ, àfi ibi tó ti ṣẹ́ kọ lábẹ́ bònẹ́ẹ̀tì tó ti là! Ó gé ibẹ̀ dànù, ó tún ki ẹnu hóòsì tó kù bọlé padà, ó fi abẹ́rẹ́ tú ojú tí omi ń gbà jáde, ọṣẹ Omo tó ti gan pọ̀ níbẹ̀ jàre, iṣẹ́ àwọn ọmọ káwọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Tíráfíkẹ́tọ̀ òsì náà ń ṣẹ́jú wàràwàrà, kó tó débẹ̀ ló ti ní gílóòbù ẹ̀gbẹ́ yẹn kan ni ò tàn. Ti ẹ̀yìn ni lóòótọ́, àmọ́ gílóòbù ò jó o, ẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn ibi tí wáyà ẹ̀ ti kan irin ara mọ́tò, ló ti dípẹtà, ó fi sándípépà ha á, ó tàn. Èyí tó tiẹ̀ wù mí jù ni fíúsì: ẹnì kan ti fi fíúsì 30 amp aláwọ̀ ewé síhò tí ìdérí àpótí fíúsì kọ 15 sí, ó yọ ọ́, ó fi búlúù tó tọ́ síbẹ̀, ó ní pẹ̀lú 30 yẹn wáyà á ti jó kí fíúsì tó já. Ó wọn bátìrì náà, 12.6 volt nígbà tí mọ́tò kú, ó sún mọ́ 14 nígbà tó tàn, ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀.

₦6,000 ló gbà fún gbogbo ẹ̀, kò wọ́n lójú tèmi. Àmọ́ kì í tètè dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má lọ láàárọ̀ kùtù, inú oòrùn lẹ máa dúró sí, ó sì fẹ́ràn fóònù jù, á máa fi èjìká gbé e mọ́ etí, ọwọ́ á wà nínú bònẹ́ẹ̀tì yín. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ ò tún kílíìpù kan tẹ̀ padà, ilé ni mo ti rí i. Tó bá jẹ́ ẹ́síì tàbí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lọ síbẹ̀, kò ní sìkánà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun fúnra ẹ̀ á sì sọ fún yín.