NELFUND àbí alájẹṣẹ́kù: èwo la fẹ́ fi san fíìsì?

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ OAU ni, la bá jókòó ro ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀yáwó ìjọba fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, NELFUND, tí Tinubu buwọ́ lu òfin ẹ̀ ní April 2024, kò gba èlé, kò dẹ̀ béèrè oníduùró, iléèwé gan-an ni wọ́n ń san fíìsì fún tààrà, wọ́n á tún fọ́mọ ní 20,000 lóṣù fún oúnjẹ, àbí kí n ní fún gààrí, torí kí lẹ fẹ́ fi 20,000 jẹ ní Mayfair n'Ífẹ̀ báyìí? Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sìnrú ìlú tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa san án, tó bá ríṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ẹ̀. Àmọ́ iléèwé ìjọba nìkan ni o, ti aládàáni ò sí níbẹ̀.

Alájẹṣẹ́kù wa l'Ọ́jà Tuntun ń tètè dáni lóhùn ní tiẹ̀. Ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú páàsìbúùkù ẹ ni wọ́n á yá ẹ, ṣùgbọ́n èlé wà ńbẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e lo ti ń san. Oníduùró méjì pẹ̀lú! Ìyá aláṣọ tó dúró fún mi léṣìí, ìgbà tí mo pẹ́ san oṣù kan péré, gbogbo àárọ̀ ló ń wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, "Ṣé dáadáa la jí?", kò sì ní ra nǹkan kan.

Fíìsì ti lọ sí NELFUND. Owó ilé ọmọ la yá l'álájẹṣẹ́kù, lándílọ́ọ̀dù ò kúkú lè dúró de ìjọba.