Freedom Park, fún òǹkọ̀wé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ láti jáde

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni Freedom Park, Broad Street, ní Lagos Island, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ lọ́dún 2010. Ibẹ̀ dára gan-an fún ẹni tí ìwé ṣófo níwájú rẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Lálẹ́, orin lè má jẹ́ kí ẹ ronú. Ẹ pa fóònù. Ẹ wá ibòji nítòsí ibi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 20 kọ ohun tí etí yín gbọ́ nìkan: họ́ọ̀nù, ẹyẹ, ohùn ẹni tó ń kọjá. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o! Àtúnṣe àìtọ́jọ́ ló máa ń gé èrò. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohùn kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ohun tí ẹni náà ń wá.