Ẹ̀rọ olómi àbí ẹ̀rọ pọ́dà: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rọ́ọ̀gì fífọ̀ ní Ìlọrin rà?

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tó ń bi mí léèrè èyí ti pọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti lo méjèèjì. Ọ̀kan ń bọ́ mi, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò ládùúgbò. Mi ò ní máa ka iye lítà tánkì àti gígùn wáyà fún yín, ó wà lára páálí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú rọ́ọ̀gì tó máa dé ọwọ́ yín. Èyí tó ṣe é ká, wọn ò ní pè yín sí i. Wọ́n á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, àwọn ọmọ ibẹ̀ á da ọṣẹ lé e, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, wọ́n á sá a sórí fẹ́ǹsì. Ẹ ò lè gba iye tí àwọn yẹn ń gbà kí ẹ jèrè. Ohun tó kù fún yín ni èyí tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́lẹ̀: ti mọ́sálásí, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti òtẹ́ẹ̀lì, ti ọ́fíìsì ìjọba. Ibi tí ẹ bá ti fọ ìyẹn, ibẹ̀ náà ló máa gbẹ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè bí rọ́ọ̀gì á ṣe tètè gbẹ tó, kí ẹ tó béèrè owó.

Olómi ni mo kọ́kọ́ rà, tòkunbọ̀ láti Èkó. Ó ń fọ́n omi ọlọ́ṣẹ sínú rọ́ọ̀gì, á sì máa fa ìdọ̀tí padà sínú tánkì kejì. Omi tó ń fà jáde dúdú bí omi aró, oníbàárà tó bá rí i á máa yìn yín. Omi tí kò jáde ni kí ẹ máa ṣọ́.

Nínú oṣù Keje, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mọ́sálásí kan pè mí. A bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a sì parí kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Mo rò pé kó tó di àkókò Jímọ́ọ̀, á ti gbẹ. Iná ọba ò wá, fáànù ò yí, ojú ọjọ́ tutù bí ẹ̀yìn ìkòkò omi. Nígbà tí wọ́n dìde láti ìforíkanlẹ̀, mo rí bàbá kan ní ìlà kejì. Iwájú orí rẹ̀ ń kán tó, omi sì ti ya orúnkún méjèèjì sára jalàbíà funfun rẹ̀. Ó kírun rẹ̀ tán kó tó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́ tán ni, àbí ẹ ṣì ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́?”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òórùn bẹ̀rẹ̀. Fóòmù abẹ́ rọ́ọ̀gì ti mu omi yó, bẹ́ẹ̀ rọ́ọ̀gì tó bá tutù kọjá wákàtí 24 sí 48, bíbu ló kàn. A ṣí ẹ̀gbẹ́ méjì, mo ra fóòmù tuntun, mo háyà jẹnẹrétọ̀ àti fáànù mẹ́rin fún ọjọ́ méjì. Iye tí wọ́n san fún mi ò tó ìdajì ohun tí mo ná.

Kí n má purọ́, mọ́tò tó ń fa omi nínú tèmi ti rẹ̀, ọmọ tó bá mi ṣiṣẹ́ náà sì fọ́n omi jù. Ṣùgbọ́n olómi tó dára gan-an, wákàtí mẹ́fà sí 24 ni kí ẹ fọkàn sí. Nínú ọ̀yẹ́, ó ń tètè gbẹ. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ nínú ọ̀yẹ́ kò tíì mọ ohun tó rà.

Ti pọ́dà, pọ́dà náà ò gbẹ tán. Ó rí bíi gààrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀ kúrò, tí wọn ò tíì yan. Ẹ ó fọ́n ọn ká, ẹ̀rọ oníbúrọ́ọ̀ṣì méjì tí ọ̀kan ń yí síwájú, tí ìkejì ń yí sẹ́yìn á gbo ó wọlé, ẹ ó fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 kó lè fa ìdọ̀tí mọ́ra, ẹ ó wá fi fákúùmù fà á. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni èèyàn lè tẹ̀ ẹ́. Láàárín Àsùbáà sí Àìlà, a ti ṣe mọ́sálásí kan tán, a tún ti jẹun. Ẹ ṣáà rí i pé fákúùmù lágbára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ funfun ni wọ́n á fi délé.

Ìtọ̀ ọmọdé àti ọbẹ̀ tó ti dé fóòmù, pọ́dà ò ní dé ibẹ̀, ti olómi nìyẹn. Pọ́dà máa ń wọ́n lọ́jà, ẹ tọ́jú àpò kan sílé. Owó ìbẹ̀rẹ̀ olómi rọjú, àmọ́ bí ìfófòó ọṣẹ bá ru wọ inú mọ́tò rẹ̀, ó jóná nìyẹn. Méjèèjì ò ṣe é fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé. Ní òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta tí omi ò sun, ẹ ó máa ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, ẹ ó sì máa gbé e gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Ti pọ́dà, mo ti gbé e lọ sí Ọ̀fà nínú mọ́tò èrò.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó lè ti yàrá pa fún odindi ọjọ́ kan, tàbí ilé tí ọmọdé kún inú rẹ̀, ẹ ra olómi. Bó bá jẹ́ mọ́sálásí, ọ́fíìsì, tàbí gbọ̀ngàn tó ní ìnáwó lọ́la, ẹ ra pọ́dà. Kí ẹ tó pinnu, ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Ọba dé Pàkátà, kí ẹ máa ka mọ́sálásí bí ẹ ṣe ń lọ.

Ẹni tó bá sì ní olómi náà lòun fẹ́, ẹ mú omi inú ọ̀rá kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ dà á sórí rọ́ọ̀gì, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá fi áńkáṣíìfù funfun tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bó bá rin gbingbin, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ. Tèmi ṣì wà ní igun ṣọ́ọ̀bù, mo ti ń wá ẹni tó máa rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú omi kankan dání wá.